Ẹni Tó Ń Gbọ́ Wa Lórí Fóònù: Bí A Ṣe Ń Darí Iṣẹ́ Ìránṣẹ́ Orin Ìgbàgbọ́ Lórí Ayélujára

Ẹ̀yin bàbá wa nínú Olúwa, ẹ̀yin ìyá ìjọ, ẹ̀yin adarí akọrin, àti ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ń lu ìlù, tí ẹ sì ń tẹ dùùrù, mo kí yín tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. Iṣẹ́ tí ẹ pè mí sí lónìí ni pé kí n sọ bí ènìyàn ṣe lè darí iṣẹ́ ìránṣẹ́ tó dúró lórí orin àti ìgbàgbọ́ Kristẹni nígbà tí àwọn tí a ń ṣiṣẹ́ fún kò jókòó sínú ilé ìsìn, tí wọ́n wà nídìí fóònù wọn níbi tí ojú wa kò tó. Ohun kan ṣoṣo ni mo ní í sọ, òun ni n ó sì máa yí ká títí n ó fi jókòó: ẹni tó ń gbọ́ wa ni ìwọ̀n iṣẹ́ yìí, pàápàá jù lọ ẹni tí fóònù rẹ̀ kéré, tí dátà rẹ̀ kò pọ̀, tí kò sì sí ẹlòmíràn nínú yàrá pẹ̀lú rẹ̀. Ti ẹni yẹn ni kí a máa rò kí a tó pinnu bí a ó ṣe gba ohùn sílẹ̀, aago tí a ó jáde, orin tí a ó lò àti bí a ó ṣe sọ̀rọ̀ owó. Ọ̀pọ̀ iṣẹ́ tó ti dáwọ́ dúró lójú wa, bí ojú àwọn tó dá a sílẹ̀ yóò ti hàn ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀.

Iṣẹ́ náà kò ṣẹ̀ṣẹ̀ dé. Ní ọdún 1922, Àlùfáà Josiah Jesse Ransome-Kuti ará Abẹ́òkúta, tí a bí ní 1855, kọ orin ìsìn ní èdè Yorùbá sínú àwo fún ilé iṣẹ́ Zonophone ní London. Bàbá bàbá Fẹlá ni ọ̀pọ̀ ènìyàn mọ̀ ọ́n sí lónìí, ṣùgbọ́n nígbà ayé rẹ̀, oníwàásù tí ń fi orin gbé ìwàásù rẹ̀ lẹ́sẹ̀ ni. Ẹ wo ohun tí àwo yẹn ṣe: ohùn àlùfáà kúrò lórí pẹpẹ, ó wọ inú ilé ẹni tó ní giramafóònù, onítọ̀hún sì lè gbọ́ ọ ní alẹ́ ọjọ́ Ìṣẹ́gun bí ó bá wù ú, láìwọ aṣọ ìsìn, láìdágbére fún ẹnikẹ́ni. Rédíò tẹ̀lé àwo, kásẹ́ẹ̀tì náà sì dé, tí àwọn ẹgbẹ́ bíi CAC Good Women Choir ti Ìbàdàn fi wọ ilé àwọn tí kò tilẹ̀ sí nínú ìjọ wọn rárá. YouTube bẹ̀rẹ̀ ní 2005. Ní Oṣù Kẹfà ọdún 2017, Nathaniel Bassey bẹ̀rẹ̀ sí kó àwọn ènìyàn jọ lórí Instagram láàárín òru fún wákàtí kan ìyìn, ó sì hàn sí gbogbo wa pé ènìyàn lè fi oorun sílẹ̀ nítorí orin tó ń ti inú fóònù jáde. Nígbà tí kónílé-ó-gbélé bẹ̀rẹ̀ ní Èkó, Ògùn àti Àbújá ní alẹ́ 30 Oṣù Kẹta ọdún 2020, ohun tí àwọn díẹ̀ ń ṣe di ọ̀ranyàn fún gbogbo ìjọ. Ilé ìsìn ti ṣí padà láti ìgbà náà, àmọ́ apá kan nínú àwọn olùgbọ́ kò padà, àwọn mìíràn sì wà nínú wọn tí kò fìgbà kankan jẹ́ ọmọ ìjọ wa tẹ́lẹ̀. Àwọn wọ̀nyí ni mo wá bá yín sọ̀rọ̀ lé lórí.

Ẹ jẹ́ kí a fi ìṣirò ṣe ìpìlẹ̀. Ohùn lásán tí a bá gbé jáde ní 64 kilobit ní ìṣẹ́jú àáyá kan yóò jẹ nǹkan bí 29 megabyte dátà ní wákàtí kan. Fídíò tó ń lọ ní megabit kan àbọ̀, tí àwòrán rẹ̀ kò tilẹ̀ mọ́ tó ti tẹlifíṣọ̀n, yóò jẹ 675 megabyte láàárín wákàtí kan náà. Ìlọ́po tó ju ogún lọ nìyẹn. Ìyá tó ń ta ata ní ọjà Bódìjà, tó jẹ́ pé dátà ọlọ́jọ́ kan ló ń rà, kò lè fi wákàtí kan wo yín lójoojúmọ́, bó ti wù kí orin yín dùn tó. Ṣùgbọ́n ó lè fi etí gbọ́ yín láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin nígbà tí ó ń to ọjà rẹ̀. Nítorí náà, ohunkóhun tí ẹ bá gbé jáde gẹ́gẹ́ bí fídíò, ẹ gbé ohùn rẹ̀ nìkan jáde pẹ̀lú, lórí Mixlr, ìkànnì tí a fi ń gbé ohùn nìkan jáde, tàbí Telegram, tàbí kí ẹ fi ránṣẹ́ lórí WhatsApp bí fáìlì kékeré tí ènìyàn lè fi pamọ́, kí ó sì tún gbọ́ lẹ́ẹ̀mejì láìná dátà mìíràn. Mo mọ̀ pé àwọn kan níbí ti ra kámẹ́rà àti iná aláràǹbarà kí wọ́n tó ra máìkì. N kò bá wọn jà. Àmọ́ iṣẹ́ orin ni a sọ pé a ń ṣe, etí sì ni orin ń gbà wọlé.

Lórí ohùn yìí, ẹ jẹ́ kí n dúró díẹ̀. Yàrá tí àwa ti ń gba ohùn sílẹ̀ kò ju ibi tí ibùsùn méjì lè gbà lọ. A gbé tìmùtìmù ti ògiri méjì, a sì fi aṣọ tó nípọn bo fèrèsé, kí ohùn má baà máa ta padà bí ẹni tó ń sọ̀rọ̀ nínú balùwẹ̀. Aago márùn-ún ìdájí ni a ń bẹ̀rẹ̀, kí jẹnẹrétọ̀ àwọn aládùúgbò tó ta jí, kí àwọn ọlọ́kadà sì tó gba títì. Akọrin a máa súnmọ́ máìkì, ṣùgbọ́n ẹ̀yìn lọ́hùn-ún, nítòsí ilẹ̀kùn, ni onílù dùndún máa ń dúró sí, nítorí nígbà tí kọ̀ǹgọ́ bá kọ́kọ́ ba awọ ìlù, ohùn náà a ta lójijì, ohun tó bá sì ti fọ́ nígbà tí a ń gbà á sílẹ̀, kò sí ẹni tó lè tún un ṣe mọ́. Bí a bá parí, a kì í fi sípíkà ńlá dán an wò. Fóònù tó rẹlẹ̀ jù lọ nínú ilé ni a ń gbé sórí tábìlì, a ó sì rìn lọ sí ìdí ilẹ̀kùn láti gbọ́ ọ. Lórí irú fóònù bẹ́ẹ̀, gbogbo ohùn ìsàlẹ̀ ni í pòórá: baàsì àwọn ọkùnrin kò sí mọ́, àgbá kò dún mọ́, ọ̀rọ̀ orin àti agogo ni yóò kù. Bí ọ̀rọ̀ náà bá yéni kedere láti ìdí ilẹ̀kùn, a ó gbé e jáde. Bí kò bá yéni, a ó dín ìlù kù. Àwọn kan a máa fi agbára gbé ohùn sókè kí tiwọn lè pariwo ju ti ẹlòmíràn lọ. Asán ni, nítorí YouTube fúnra rẹ̀ ni yóò fà á wálẹ̀ sí ìwọ̀n àwọn yòókù, ohun tí yóò sì ṣẹ́kù ni ohùn tó fún pọ̀ tí kò ní èémí nínú.

Ẹ máa ń bi mí bóyá àwọn akọrin tó wà ní ìlú ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ lè jọ kọrin pọ̀ ní àkókò kan náà lórí Zoom. Kò ṣeé ṣe. Ohùn tó ń ti Ìbàdàn lọ sí Manchester a máa pẹ́ díẹ̀ lójú ọ̀nà. Bí a bá ń sọ̀rọ̀, a kì í mọ̀ ọ́n lára, ṣùgbọ́n bí orin bá bẹ̀rẹ̀, ègbè yóò máa dé lẹ́yìn tí lílé ti kọjá sí ìlà kejì. Zoom tún ní ìṣòro tirẹ̀: ó máa ń pa ohun tó bá kà sí ariwo, ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ àti agogo ni ó sì kọ́kọ́ máa ń gbé mì, àfi bí a bá wọ inú ètò rẹ̀ láti ṣí "Original sound for musicians". Ọ̀nà tó dára ni èyí tí Eric Whitacre, ará Amẹ́ríkà tí ń kọ orin fún ẹgbẹ́ akọrin, fi han ayé ní 2010, nígbà tí ó kó ohùn akọrin 185 láti orílẹ̀-èdè 12 jọ sínú fídíò kan. Wọn kò jọ kọ ọ́ rí. Ẹnì kọ̀ọ̀kan dá tirẹ̀ kọ níwájú ẹ̀rọ rẹ̀, a sì to gbogbo rẹ̀ pọ̀ lẹ́yìn náà. Ẹ̀yin náà lè ṣe é: kí adarí kọ orin náà sílẹ̀ pẹ̀lú dùùrù nìkan, kí ẹ fi ránṣẹ́ sí gbogbo akọrin, kí oníkálukú fi ohun ìgbọ́hùn sétí kí ó lè máa gbọ́ ti adarí bí ó ti ń kọ tirẹ̀, kí wọ́n sì jọ pàtẹ́wọ́ ẹyọ kan níbi tí adarí ti pàtẹ́wọ́ kí orin tó bẹ̀rẹ̀. Àtẹ́wọ́ yẹn ni ẹni tó ń to ohùn pọ̀ yóò fi mọ ibi tí gbogbo wọn ti bára mu.

Ohun kan tún wà tí ó kan ọ̀nà tí a ń gbà lé orin. Nínú ìjọ, bí adarí bá lé e, ìjọ a gbè é. Àwùjọ náà ló ń gbé orin dúró. Ẹni tó dá wà nínú yàrá rẹ̀ ní Houston kò ní àwùjọ kankan lẹ́yìn. Bí ẹ bá sáré kọjá, kò ní rí àyè láti gbè. Bí ẹ bá sì dákẹ́ pátápátá láti dúró dè é, ojú yóò máa tì í láti dá ohùn sókè nìkan nínú ilé. Èyí tí mo rí pé ó ń ṣiṣẹ́ ni pé kí ẹni méjì tàbí mẹ́ta máa gba ègbè náà ní ohùn jẹ́jẹ́, láìfi ọ̀ṣọ́ kankan sí i, kí olùgbọ́ lè jókòó sórí ohùn wọn. Ìsàn orin tó dùn lórí pẹpẹ, tí adarí ń yí ohùn ká fún ìṣẹ́jú púpọ̀, a máa lé ẹni tó fẹ́ kọrin sẹ́yìn, yóò sì sọ ọ́ di òǹwòran.

Mo wá dé orí ọ̀rọ̀ tí ọ̀pọ̀ ìjọ kì í fẹ́ gbọ́: ta ló ni orin tí ẹ ń kọ? Òfin tó ń dáàbò bo iṣẹ́ ọpọlọ ní Nàìjíríà, èyí tó jẹ́ ti 2022 tí Ààrẹ fọwọ́ sí ní Oṣù Kẹta ọdún 2023, fún ẹni tó kọ orin ní ẹ̀tọ́ jálẹ̀ ayé rẹ̀ àti 70 ọdún lẹ́yìn ikú rẹ̀; ohùn tí a gbà sílẹ̀ sínú àwo ní 50 ọdún tirẹ̀ lọ́tọ̀. Nínú orin kan, nígbà náà, olówó mẹ́ta lè wà: ẹni tó kọ ọ̀rọ̀ rẹ̀, ẹni tó dá ohùn rẹ̀, àti ẹni tó gba ohùn sílẹ̀. Ẹ mú "Wá bá mi gbé" tí a ń kọ ní ìrọ̀lẹ́ àti níbi ìsìnkú. Henry Francis Lyte tó kọ ọ̀rọ̀ rẹ̀ ní èdè Gẹ̀ẹ́sì kú ní 1847, William Henry Monk tó dá ohùn tí gbogbo wa mọ̀ kú ní 1889. Ẹ lè kọ ọ́, ẹ lè gbà á sílẹ̀, kò sí ẹni tí yóò mú yín. Ẹ wá wo "How Great Thou Art", tí ọ̀pọ̀ ènìyàn gbà pé orin àtijọ́ ni òun náà. Carl Boberg ará Sweden ló kọ ewì tí ó ti wá ní 1885, ó sì kú ní 1940, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí a mọ̀ jẹ́ ti Stuart Hine, míṣọ́nnárì ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ẹni tó kú ní 1989. Ẹ ro 70 mọ́ ọn: ìparí 2059 ni yóò tó di ti gbogbo ayé. Ẹni tó bá yí ọ̀rọ̀ Hine padà sí Yorùbá tí ó sì gbé e sórí ayélujára láìtọrọ àṣẹ ti wọ inú ilé onílé. Bẹ́ẹ̀ náà ni iṣẹ́ Fẹlá Ṣówándé, ọmọ Nàìjíríà tó ń kọ orin sílẹ̀ fún dùùrù ìjọ àti akọrin, tó kú ní 1987, kò tíì di ohun tí ẹnikẹ́ni lè mú lò bó ṣe wù ú, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé tiwa ni.

Láti 2007 ni YouTube ti ní ẹ̀rọ kan tí wọ́n ń pè ní Content ID, tí ń fi ohùn tí ẹ gbé síbẹ̀ wé èyí tí àwọn olówó orin ti fi sílẹ̀ lọ́dọ̀ wọn. Bí ẹ bá fi orin ẹlòmíràn tí kò ní ọ̀rọ̀ nínú ṣe atẹ̀lé fún akọrin yín, ẹ̀rọ náà yóò rí i, owó tí fídíò náà bá sì mú wá yóò lọ sọ́dọ̀ olówó rẹ̀. Ẹ̀tọ́ ni. Ṣùgbọ́n nígbà mìíràn, ó lè jẹ́ orin tí olówó rẹ̀ ti kú láti ọdún pípẹ́, tí ẹ fi dùùrù tiyín tẹ̀, tí ẹ̀rọ náà ṣì fi jọ ti ẹlòmíràn. Irú ìyẹn ni kí ẹ bá a rojọ́ pẹ̀lú sùúrù, kí ẹ kọ orúkọ ẹni tó kọ orin náà àti ọdún tí ó kú síbẹ̀. Ẹ̀sùn tí olówó orin fúnra rẹ̀ bá fi kàn yín wúwo ju ti ẹ̀rọ lọ: bí ó bá di mẹ́ta láàárín 90 ọjọ́, YouTube lè pa ìkànnì yín rẹ́ pẹ̀lú gbogbo ohun tó wà níbẹ̀. Àwọn ìjọ wa ní Bìrìtéènì àti Amẹ́ríkà lè gba ìwé àṣẹ lọ́dọ̀ CCLI, ilé iṣẹ́ tó ń fún ìjọ ní àṣẹ láti lo orin, tó ní èyí tí a ṣe fún ìsìn orí ayélujára. Fún orin àwọn ará ilé wa tí wọ́n ṣì wà láyé, ìpè kan lórí fóònù ni ó sábà máa ń tó. Ọ̀pọ̀ nínú wọn yóò yọ̀ǹda lọ́fẹ̀ẹ́. Àwọn tó bá sì béèrè owó, ẹ san án. Ẹni tó kọ orin ìyìn náà ní ọmọ tó ń lọ sí ilé ìwé.

Ọ̀rọ̀ owó tiwa náà ńkọ́? YouTube kò ní í fún yín ní ìpín nínú owó ìpolówó àfi bí ẹ bá ní ẹgbẹ̀rún kan ènìyàn tó forúkọ sílẹ̀ sí ìkànnì yín, tí wọ́n sì ti wò yín fún 4,000 wákàtí láàárín oṣù méjìlá, tàbí kí wọ́n ti wo àwọn fídíò kéékèèké yín (Shorts) ní ìgbà mílíọ̀nù mẹ́wàá láàárín 90 ọjọ́. Fún iṣẹ́ tó ń fi èdè Yorùbá kọrin ìsìn, ìyẹn kì í yá. Ọrẹ àwọn olùgbọ́ ni ọ̀pọ̀ yóò gbẹ́kẹ̀ lé. Kí ó má ṣe wọ àpò ìfowópamọ́ tí ń jẹ́ orúkọ ẹnì kan. Ẹ forúkọ iṣẹ́ náà sílẹ̀ lọ́dọ̀ Corporate Affairs Commission gẹ́gẹ́ bí ẹgbẹ́ tó ní alámòójútó, kí ẹni méjì máa fọwọ́ sí ìwé owó. Àwọn tó wà ní England tí owó tó ń wọlé fún wọn bá ju £5,000 lọ lọ́dún gbọ́dọ̀ forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ Charity Commission, àjọ tó ń bójú tó ẹgbẹ́ aláàánú níbẹ̀. Lójú tèmi, kí a dá orin dúró láàárín kí a fi nọ́ńbà àkáǹtì hàn jẹ́ àṣà tí kò bójú mu, ẹni tó ń sunkún lábẹ́ orin yẹn kò wá ra nǹkan. Ẹ sì máa kìlọ̀ léraléra pé ẹ kì í bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀ owó ní kọ̀rọ̀. Àwọn oníjìbìtì a máa jí àwòrán òjíṣẹ́ Ọlọ́run, wọn a ṣí ojú ewé mìíràn pẹ̀lú rẹ̀, wọn a sì máa béèrè owó irúgbìn lọ́wọ́ àwọn arúgbó lórí WhatsApp. Olùgbọ́ tó bá ti mọ̀ pé ẹ kì í ṣe bẹ́ẹ̀ ni kò ní í kó sí wọn lọ́wọ́.

Nínú Ìṣe Àwọn Àpọ́sítélì orí 16, Pọ́ọ̀lù àti Sílà ń kọrin láàárín òru nínú túbú, àwọn òǹdè sì ń gbọ́ wọn. Ohun tí a máa ń sọ nípa ẹsẹ yẹn ni ìsẹ̀lẹ̀ àti ẹ̀wọ̀n tó já. Èyí tó kan iṣẹ́ wa jù ni pé onítúbú béèrè ìbéèrè lẹ́yìn rẹ̀, Pọ́ọ̀lù sì wà níbẹ̀ láti dá a lóhùn ní òru ọjọ́ kan náà. Lórí ayélujára, ìbéèrè onítúbú a máa wọlé ní aago méjì òru, lábẹ́ orin tí a ti gbé jáde láti ọdún tó kọjá, nígbà tí gbogbo wa ti sùn. Obìnrin kan tí ń ṣe iṣẹ́ nọ́ọ̀sì lóru ní ìlú òyìnbó kọ̀wé sí wa nígbà kan pé òun kò mọ ẹni tí òun ń gbàdúrà sí mọ́. Ìlà kan péré ni, ó wà láàárín ọgọ́rùn-ún "Àmín" àti àwòrán ọwọ́ méjì tó pàdé. Ẹni tí a yàn láti máa ka ọ̀rọ̀ lójoojúmọ́ ni ó rí i, tí ó sì fèsì, tí wọ́n fi bára wọn sọ̀rọ̀ dé ọ̀sẹ̀ mìíràn. Bí ẹ kò bá ní ẹni tí yóò máa ṣe iṣẹ́ yẹn, ẹ dín orin tí ẹ ń gbé jáde kù títí ẹ ó fi rí i. Kí onítọ̀hún sì mọ ibi tí agbára rẹ̀ mọ: ẹni tó bá sọ pé òun fẹ́ pa ara òun nílò dókítà àti ará ilé nítòsí pẹ̀lú àdúrà, nítorí náà kí ẹ ti kọ nọ́ńbà àwọn tí ẹ ó pè sílẹ̀ ṣáájú.

Àṣírí tún wà níbẹ̀. Ẹni tó kọ àìsàn rẹ̀ ránṣẹ́ fún àdúrà kò fún yín láṣẹ láti kà á sétí gbogbo ayé pẹ̀lú orúkọ àti àdúgbò rẹ̀. Òfin ìdáàbòbò àlàyé ara ẹni ti Nàìjíríà, ti 2023, ka ọ̀rọ̀ ìlera sí ohun ẹlẹgẹ́. Ṣùgbọ́n ká má tilẹ̀ ní òfin, ó yẹ kí Yorùbá mọ ohun tí à ń pè ní bíbo ara ẹni láṣìírí. Ẹ̀rí tí ẹnì kan jẹ́ nínú ọ̀rọ̀ ìkọ̀kọ̀, ẹ bi í kí ẹ tó gbé e jáde. Àwòrán ọmọdé tó wà nínú ẹgbẹ́ akọrin, ẹ gba àṣẹ lọ́wọ́ òbí rẹ̀.

Ní ti àkókò, n kò ní pẹ́ lórí rẹ̀. Aago mẹ́fà òwúrọ̀ ní Èkó jẹ́ aago márùn-ún ní London nígbà òtútù, mẹ́fà nígbà ẹ̀ẹ̀rùn wọn, ó sì jẹ́ aago mọ́kànlá alẹ́ tàbí méjìlá òru ní Houston. Ẹ mú aago kan, kí ẹ má sì yí i padà nítorí pé òjíṣẹ́ ní ìrìn-àjò. Ẹni tó ti fi orin yín sí àárín ìwẹ̀ òwúrọ̀ àti bọ́ọ̀sì rẹ̀ kò ní àyè mìíràn láti fi yín sí.

Èyí tó kù ni kọ́kọ́rọ́ ilé náà. Mo ti rí ìkànnì tí orin ogún ọdún wà lórí rẹ̀, tí ó jẹ́ pé ẹnì kan ṣoṣo ló mọ ọ̀rọ̀ aṣínà rẹ̀. Onítọ̀hún kó lọ sí ìlú mìíràn, nọ́ńbà fóònù rẹ̀ yí padà, kò sì sí ẹni tó lè wọlé mọ́. YouTube gbà yín láyè láti fi ènìyàn púpọ̀ ṣe alákòóso ìkànnì kan láì jẹ́ pé wọ́n mọ ọ̀rọ̀ aṣínà ara wọn. Ẹ yan ó kéré tán ẹni mẹ́ta, kí wọ́n má ṣe jẹ́ ará ilé kan náà. Ẹ fi orúkọ wọn sínú ìwé ìpàdé ìgbìmọ̀, kí ẹ sì kó gbogbo ohùn tí ẹ ti gbà sílẹ̀ sórí ẹ̀rọ ìpamọ́ méjì, kí ọ̀kan wà ní ọ́fíìsì ìjọ, kí èkejì wà nílé akápò. Ọ̀dọ̀ ẹ̀yin tí ẹ ti ń ṣe iṣẹ́ yìí ni n ó ti kọ́kọ́ gba ìbéèrè.